Àwọn tó fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ò sí nínú ìwé wa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àkọsílẹ̀

Alábòójútó_Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan ni mò ń bójú tó nílùú Ìbàdàn, lábẹ́ ẹ́ńjíò kékeré kan. Aṣọ rírán, fóònù títúnṣe àti iná sólà la ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Lọ́dọọdún la máa ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sáwọn tó ń fowó ràn wá lọ́wọ́: iye tó wọlé, iye tó gba ìwé ẹ̀rí, pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n parí. Inú gbogbo wa sì máa ń dùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ń tún ọ́fíìsì ṣe, ni mo bá rí káàdì ìdánimọ̀ àwọn ọmọ tó dúró láàárín ọ̀nà. Wọn ò tiẹ̀ padà wá gbà á. Mo tò wọ́n sórí tábìlì. Obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti àwọn tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn, apá Akínyẹlé àti Ọ̀nà Àrà. Mo wá àwọn ìròyìn wa àtẹ̀yìnwá jáde, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí ẹyọ gbólóhùn kan tó sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ó dùn mí wọra, torí irú wọn gan-an la tìtorí ẹ̀ dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló yẹ ká máa kọ sílẹ̀, báwo la ó sì ṣe kọ ọ́, tí a ó fi mọ ibi tí a ti ń pàdánù èèyàn àti irú àwọn tí à ń pàdánù? A ò lówó tí a ó fi gba onímọ̀ ìṣirò. Kọ̀ǹpútà kan la ní, rẹ́jísítà sì wà.

Akọ̀wé_Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kọ̀ǹpútà kan yẹn ti tó yín. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìkà yín lọ́jọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó wá gba fọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ni ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní: gbígba fọ́ọ̀mù, wíwọlé, píparí, àti ibi tí ẹni náà wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó ti parí. Ẹ ka èèyàn lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ya iye náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: obìnrin àti ọkùnrin, ará ìgboro àti ará ọ̀nà jíjìn, ẹni tó ní WAEC àti ẹni tí kò ní, ẹni tó lọ́mọ lọ́wọ́ àti ẹni tí kò ní.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Àpèjúwe lásán ni àwọn nọ́ńbà yìí o. Ká ní èèyàn 100 gba fọ́ọ̀mù, obìnrin 60, ọkùnrin 40. Obìnrin 30 wọlé, ọkùnrin 30 wọlé. Nínú kíláàsì, wọ́n dọ́gba, àlejò tó bá dé ibẹ̀ á sì yìn yín. Obìnrin 18 parí, ọkùnrin 24. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, obìnrin 9 ló ń fi iṣẹ́ náà jẹun, ọkùnrin 18. Tó bá jẹ́ àwọn tó parí nìkan lẹ kà, 27 nínú 42 ló ń ṣiṣẹ́, ó lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwé yín á sì dùn ún kà. Àmọ́ obìnrin 60 ló dúró lójú fèrèsé yín tó gba fọ́ọ̀mù, 9 péré ló jèrè. Ọkùnrin 40 ló wá, 18 jèrè. Ẹ sì wò ó dáadáa: ibi tí obìnrin ti ṣòfò jù ni ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, níbi tí 30 ti padà sílé. Kò sí bí olùkọ́ ṣe lè mọṣẹ́ tó, kò lè kọ́ ẹni tí kò wọlé.

Nígbà tí àwa ṣe ìkà yìí, a bi ara wa pé kí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ìwé WAEC ni. À ń béèrè WAEC lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wá kọ́ aṣọ rírán, kò sì sẹ́ni tó rántí ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀. A yọ ọ́. A ní kí ẹni náà fi téèpù wọn ìbú àti gígùn aṣọ, kó sọ iye tó rí ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyẹn nìkan ni ìdánwò wa báyìí.

Ará_Houston

Ẹ kú u làálàá o. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́ àti láti ríṣẹ́ ni mo wà níbí ní Texas, mo sì fẹ́ kí ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa.

Òfin tó ń darí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ni WIOA, ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Wọ́n pín ọdún sí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá jáde lọ́dọ̀ wa, wọ́n á wò ó bóyá ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìpín kejì lẹ́yìn tó jáde, wọ́n á tún wò ó ní ìpín kẹrin. Ẹ ṣàkíyèsí ẹ̀ẹ̀kejì yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ríṣẹ́ lóṣù kejì tí iṣẹ́ náà sì ti bọ́ lóṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò ní rí i. Wọ́n tún ń wo owó tó ń wọlé fún wọn. Níbí, àkọsílẹ̀ owó oṣù tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ò ní irú ìyẹn nílé, ẹ ó pe èèyàn lórí fóònù ni.

Èyí tí kò dáa: kí WIOA tó dé, kódà láti ìgbà òfin JTPA tí wọ́n ṣe lọ́dún 1982, ni àwọn èèyàn ti ń ké gbàjarè pé tí owó bá ti rọ̀ mọ́ iye ẹni tó ríṣẹ́, àwọn ibùdó ìkọ́ṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó pọ́n já. Wọ́n á gba ẹni tí ì bá ríṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n á ti ẹni tí ìṣòro rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn. Nọ́ńbà á dára, àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù á sì wà níta. Ìdí nìyẹn tí WIOA fi ní kí wọ́n wo irú ẹni tí ibùdó kọ̀ọ̀kan ń gbà kí wọ́n tó pinnu iye tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ní olùkọ́ méjì, tí ọ̀kan gba gbogbo ẹni tó lọ sí yunifásítì, tí èkejì gba àwọn tí kò rí ìwé kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iye tó ríṣẹ́ wé ara wọn lásán. Ẹ fi ẹni tí kò rí ìwé kà lọ́dọ̀ èyí wé ẹni tí kò rí ìwé kà lọ́dọ̀ ìyẹn.

Tẹ́lọ̀_Mushin

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀gá tẹ́lọ̀ ni mí, mo ti ṣe fíríídọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ tó pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ: kí lẹ ń pè ní "ó ríṣẹ́"?

Ẹ rántí NBS, àwọn tó ń ṣètò ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀. Ní ìparí ọdún 2020, wọ́n ní 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ríṣẹ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n ní 4.1. Ṣé iṣẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa ni? Ọ̀nà ìkà ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Nísinsìnyí wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà àgbáyé: ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan fún owó tàbí èrè láàárín ọ̀sẹ̀, ó ti wà lára òṣìṣẹ́. Wọn ò purọ́, wọ́n sọ ọ́ síta pé àwọn yí i padà. Àmọ́ ẹ wo bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣe lè gbé orílẹ̀-èdè láti ibì kan sí ibòmíì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹ̀yin. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ò ní gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá wọn ni wọ́n máa gbé máṣìnnì sí. Tí ẹ bá bi wọ́n pé "ṣé o ti ríṣẹ́?", ẹni tó ń rán aṣọ lójoojúmọ́ lè dáhùn pé rárá, torí iṣẹ́ ìjọba ló rò pé ẹ ń béèrè. Ẹni tó rán bùbá kan lóṣù tó kọjá lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí èmi ń bi àwọn ọmọ mi rèé: láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, wákàtí mélòó lo fi ṣe iṣẹ́ tí o kọ́? Máṣìnnì ta lo fi ṣe é? Lẹ́yìn tí o ra òwú, zíìpù àti bọ́tìnnì, èló ló kù sí ọ lọ́wọ́? Mélòó nínú àwọn tí o ránṣọ fún ló padà wá?

Ìbéèrè máṣìnnì yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn. Tí ẹ bá ya àwọn tó ní máṣìnnì tiwọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń yá a lò, ẹ lè rí i pé ohun tí ẹ ń pè ní ìyàtọ̀ láàárín obìnrin àti ọkùnrin, ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí bàbá rẹ̀ ra máṣìnnì fún àti ẹni tí kò sẹ́ni tó rà á fún ni. Nígbà náà, àjọ àwọn ọmọ tó ti parí ló yẹ kí ẹ dá sílẹ̀, kí wọ́n máa dá owó ra máṣìnnì fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lọ fi oṣù mẹ́ta kún ẹ̀kọ́ ẹni tó ti mọ aṣọ rán.

Mo_ti_kọ́ṣẹ́_rí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ọ̀kan lára àwọn tó fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ni mí, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ.

Ọmọ mi jẹ́ oṣù méje nígbà náà. Aago mẹ́jọ là ń wọlé, ẹni tó bá pẹ́ á kúnlẹ̀ níta, á sì san owó ìtanràn. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi mú ọmọ, àkàrà ni wọ́n ń tà, aago mẹ́sàn-án sì ni wọ́n tó ń kúrò nídìí iná. Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é tí mi ò ní pẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀, ó sú mi. Nígbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo kúrò ní bíi 185 náírà tó fò lọ sókè 480, ọkọ̀ méjì tí mò ń wọ̀ lọ tí mo ń wọ̀ bọ̀ kọjá agbára ọkọ mi. Mo jókòó sílé.

Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ọ̀rẹ́ mi tó parí ló sọ fún mi pé òun rí orúkọ mi nínú rẹ́jísítà, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ "kò fọkàn sí i" síwájú rẹ̀. Mo fọkàn sí i. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì lé e lórí láìjẹ́ kó hunjọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tí mo máa ń lá a lójú oorun.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá máa kọ ìdí tí ẹnì kan fi lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà. Nọ́ńbà mi wà nínú fọ́ọ̀mù tí mo kọ.

Akọ̀wé_Abẹ́òkúta

Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ẹ ti kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́ ju ohun tí mo kọ lókè lọ.

Alábòójútó, ẹ wo ohun tí wọ́n sọ yìí kí ẹ sì fi í ṣe nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, rẹ́jísítà yín ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́, ẹnì kan ni kò gbọ́. Ẹ kó èyí tí ẹ ní jáde, kí ẹ tò ó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀: ọ̀sẹ̀ wo làwọn èèyàn máa ń dáwọ́ dúró? Lọ́dọ̀ wa, ṣáájú kí ẹnì kan tó lọ pátápátá, ó ti kọ́kọ́ máa ń pẹ́, lẹ́yìn náà á máa pa ọjọ́ kan jẹ. A wá fi òfin sí i pé ẹni tó bá pa ọjọ́ méjì jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n pè é kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹni tó pè á béèrè pé "kí ló ṣẹlẹ̀, kí la lè ṣe?", kò ní bá a wí. Èkejì, níbi tí ẹ ti ń kọ ìdí, ẹ fàyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà gan-an, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ olùkọ́ ló rò ó, kí ẹ kọ ọ́ pé olùkọ́ ló rò ó.

Olùkọ́_Sólà

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Olùkọ́ ni mí, àárẹ̀ ti mú wa. Lọ́dún tó kọjá fọ́ọ̀mù tí a kọ pọ̀ ju wáyà tí a fà lọ. Gbogbo olówó ìrànwọ́ ló ní tirẹ̀. Tí ẹ bá tún kó ìbéèrè tuntun dé, àwọn ọmọ ló máa jìyà rẹ̀, torí àkókò ẹ̀kọ́ wọn la fi ń kọ ọ́.

Ará_Houston

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, èmi náà sì ti rí i níbí. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ gbogbo ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù wa sójú pátákó, a sì kọ ìpinnu tí a ti fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe rí síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí iwájú rẹ̀ bá ṣófo, a yọ ọ́. Ẹ yọ èyí tí kò wúlò kí ẹ tó fi ìkankan kún un. Ẹ sì jẹ́ kí olùkọ́ wà níbi tí ẹ ti ń yọ ọ́, nítorí àwọn ló mọ èyí tí wọ́n kàn ń fi nǹkan kún lásán.

Ní ti irinṣẹ́, Google Sheets, ìwé àtẹ orí kọ̀ǹpútà, tó yín. Tí ẹ bá ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ níta níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, KoboToolbox, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, á fi í ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá padà dé ibi tó wà. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí kò ní yí padà láti ọjọ́ fọ́ọ̀mù. Àkọtọ́ orúkọ wa máa ń yàtọ̀ láti ìwé dé ìwé, tó bá jẹ́ orúkọ nìkan lẹ gbára lé, ẹnì kan á di mẹ́ta.

Olùkọ́_Adití_Ọ̀yọ́

Mo fẹ́ fi ti àwọn aláàbọ̀ ara kún un. Tí fọ́ọ̀mù yín bá béèrè pé "ṣé aláàbọ̀ ara ni ọ́?", ẹ ó rí "rárá" lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ìtìjú, tàbí torí pé ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa ò ka ara rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́fà kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Washington Group, wọ́n ń lò ó káàkiri ayé. Wọ́n ń béèrè bóyá ó ṣòro fún ẹni náà láti ríran bó tilẹ̀ lo awò, láti gbọ́ràn, láti rìn tàbí gun àtẹ̀gùn, láti rántí nǹkan tàbí pọkàn pọ̀, láti wẹ̀ tàbí wọṣọ, àti láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀ kí wọ́n yé ara wọn. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà: kò ṣòro, ó ṣòro díẹ̀, ó ṣòro gan-an, mi ò lè ṣe é rárá. Ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú méjì tó kẹ́yìn, ẹ kà á mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ "aláàbọ̀ ara" ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mẹ́ta tó jẹ́ adití lè wà lọ́dọ̀ yín, kí méjì nínú wọn lọ. Ẹ má kọ "67 nínú ọgọ́rùn-ún" sí i. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́, kí ẹ jókòó ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sì fi irú iye kékeré bẹ́ẹ̀ síta, gbogbo àdúgbò á mọ ẹni tí ẹ ń sọ.

Lọ́yà_Òṣogbo

Mo kín ìyẹn lẹ́yìn. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023, de ẹ́ńjíò náà. Ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀sìn àti ẹ̀yà wà lára èyí tí òfin náà fi ààbò tó le sí lórí. Tí ẹ ò bá ní ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀sìn ẹni ṣe, ẹ má béèrè. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń gba ọ̀rọ̀ fún un ní Yorùbá, kó gbà tọkàntọkàn, kó sì mọ̀ pé òun lè yí ọkàn padà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa fọwọ́ sí i. Ẹ sì dákun, ẹ má gbé àtẹ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sórí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn olùkọ́.

Olùpè_Ìlọrin

Iṣẹ́ pípe àwọn tó ti parí ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba fọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti gba nọ́ńbà ẹlòmíì tó máa mọ ibi tí wọ́n wà títí, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n. Síìmù ń sọnù, wọ́n sì ti dí ìlà ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí NIN. Alẹ́ ni kí ẹ máa pè, lẹ́yìn ọjà. Tí ààwẹ̀ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣínu ná. Olùkọ́ wọn kọ́ ló yẹ kó pè, wọn ò ní lè sọ fún un pé iṣẹ́ ò lọ. Ẹni tí wọ́n jọ parí ni mo máa ń gbé fóònù fún.

Ẹni tí kò gbé e, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ìkà. Tí 42 bá parí, tí 30 gbé fóònù, tí 24 nínú wọn ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀: 42, 30, 24. Ẹni tó kọ "24 nínú 30" nìkan ti gbàgbé èèyàn méjìlá.

Alábòójútó_Ìbàdàn

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún un kà. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Àǹtí tó ti kọ́ṣẹ́ rí, mo bẹ̀ yín lórúkọ gbogbo wa tó jókòó sí irú ipò yìí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ni káàdì orí tábìlì yẹn. Mi ò rán ẹnikẹ́ni, èmi fúnra mi ni mò ń pè. Nọ́ńbà àwọn kan ò lọ mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e rò pé mo fẹ́ gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ òun ni. Ẹlòmíì sunkún. Owó ọkọ̀ àti aago mẹ́jọ ni mò ń gbọ́ jù. Ẹnì kan sọ ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn rí: ilé ìyàgbẹ́ wa ò ní kọ́kọ́rọ́, ọkùnrin sì ló pọ̀ ní kíláàsì sólà.

Káfíńtà á dé lọ́la wá fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Àwọn olùkọ́ ti gbà kí kíláàsì aṣọ máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ nínú ọ̀wọ́ tó ń bọ̀, a ó sì wo rẹ́jísítà lọ́sẹ̀ kẹrin bóyá ó yí nǹkan padà fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Owó ọkọ̀ ni mi ò tíì mọ ibi tí a ó ti rí i. Ta ló ti bá olówó ìrànwọ́ sọ ọ́ rí pé kí wọ́n jẹ́ kí a gba èèyàn díẹ̀, ká lè fi èyí tó kù sanwó ọkọ̀ fún àwọn ará ọ̀nà jíjìn? Báwo lẹ ṣe kọ ọ́ nínú lẹ́tà?